Ibi tí mo ti ṣe ẹsẹ̀ iwájú 4Runner mi ní Ṣómólú

Bí ẹ bá ní jíìpù Toyota àtijọ́, tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ti ń pariwo, tí ẹ ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mọ́tò yín kọ́ṣẹ́, ẹ gbé e lọ sí Ṣómólú, lápá Bájúláyé. Ilé mẹkáníìkì tí mò ń wí ò ní pátákó. Fọ́gánáísà kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ ṣáà bi í pé níbo ni wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ jíìpù, á nawọ́ sí i fún yín. Mo máa sọ èyí tó dára níbẹ̀, mo sì máa sọ èyí tó bí mi nínú, torí owó mi ni mo ná, kò sẹ́ni tó fún mi ní kọ́bọ̀ pé kí n wá polówó fún wọn.

Ẹja gbígbẹ ni mò ń tà l'Óyìngbò. Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń kó o, ọ̀nà Ìtòìkín sí Ìkòròdú ni mo sì ń gbà wálé. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn nígbà òjò kò ní bi mí pé kí ni mò ń fi jíìpù ṣe. 4Runner 1999 ni, irú èyí tí Toyota ṣe láti 1995 títí di 2002, V6 tó ní ẹ́ńjìnnì 3.4. Bàbá àwọn ọmọ mi ló rà á ní tòkúnbọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n ní mọ́tò kékeré ti tó àwọn, wọ́n bá gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ́jà máa ń sọ pé kí n tà á, kí n fowó kún un, kí n fi ra Sienna. Sienna dára, mi ò bú u. Ẹ ṣáà gbé e tòun ti ẹja wọ inú ẹrẹ̀ ọ̀nà Ìtòìkín lóṣù keje, kí ẹ wá sọ bí ẹ ṣe jáde fún mi.

Ẹ́ńjìnnì yẹn ò yọ mí lẹ́nu rí. Ẹsẹ̀ ni. Ó kọ́kọ́ ń dún kó-kó-kó lápá òsì bí mo bá já sí gálọ́ọ̀pù. Nígbà tó yá, bí mo bá ń bọ̀ láti Kétu tí mo tẹ búrẹ́ẹ̀kì, orí mọ́tò á yà sápá òsì fúnra ẹ̀. Táyà iwájú òsì ti jẹ kanlẹ̀ nínú, bẹ́ẹ̀ ìta ẹ̀ ṣì ní eyín. Mẹkáníìkì kan tí kò jìnnà sílé mi ní ṣọ́ọ̀kì ni. Ó pààrọ̀ méjèèjì, tuntun, tí mo fi owó gidi rà. Kó-kó-kó ò lọ. Ó tún ní líńkéèjì ni. Ó pààrọ̀ ìyẹn náà. Kó-kó-kó ò lọ. Nígbà tó wá kọ ìwé gbọọrọ lé mi lọ́wọ́ pé gbogbo ẹsẹ̀ ni ká pààrọ̀ látòkè délẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo ká ìwé náà sínú pọ́ọ̀sì mi, mo gbé mọ́tò mi lọ. Ọkùnrin kan tó ń fi Hilux kó ẹja bíi tèmi ló wá júwe Ṣómólú fún mi.

Ọ̀gá ibẹ̀ ò fọwọ́ kan sípánà nígbà tí mo dé. Ó kọ́kọ́ bi mí léèrè pé ọ̀nà wo ni mò ń gbé mọ́tò náà gbà, báwo ni ẹrù tí mò ń dì sẹ́yìn ẹ̀ ṣe wúwo tó, ṣé ìgbà tí mo bá ń yí sítíárìn ló ń dún ni àbí ìgbà tí mo bá kó sí kòtò. Lẹ́yìn náà ló ní kí n jókòó ti òun. Ó wa mọ́tò náà yí àdúgbò po, ó pa rédíò, ó sọ gbogbo gíláàsì kalẹ̀, kò bá mi sọ nǹkan kan. Mo fẹ́ máa ṣàlàyé fún un bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè díẹ̀ pé kí n dákẹ́ ná. Mo dákẹ́.

Nígbà tá a padà dé, ó gbé iwájú mọ́tò sókè, ó ti irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sábẹ́ ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn. Ẹ kíyè sí ìyẹn o. Ọ̀pọ̀ ibi ni mo ti rí tó jẹ́ jáàkì nìkan ló ń gbé mọ́tò dání, tí ọmọ ọlọ́mọ á sì nà gbalaja sábẹ́ ẹ̀. Ó di táyà òsì mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì í. Ó yí ọwọ́ padà, ó dì í mú lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ó tún mì í.

"Màmá, ẹ wá fọwọ́ kàn án fúnra yín."

Mo wé ìró mi dáadáa, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo dì í mú lókè àti nísàlẹ̀ bó ṣe ṣe é. Gbì. Gbì. Ó ń yẹ̀ lọ́wọ́ mi, mo ń gbọ́ ọ dé inú egungun apá. Ó ní bó bá jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì nìkan ló ń yẹ̀, táírọ́ọ̀dù tàbí ràákì, àwọn irin tí sítíárìn fi ń yí táyà, ni wọn ì bá kọ́kọ́ fura sí, ṣùgbọ́n bó bá ti ń yẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, kí èèyàn lọ wo bọ́ọ̀jọ́ìntì tàbí bẹ́árìn. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ kan ki irin gígùn kan bọ abẹ́ táyà, kó máa fi gbé e sókè kó máa sọ ọ́ kalẹ̀, òun wá sùn sílẹ̀ tòun ti tọ́ọ̀ṣì. Bẹ́árìn ò mì. Bọ́ọ̀jọ́ìntì ìsàlẹ̀ ló ń fò nínú ihò ẹ̀.

Ó pè mí kí n wò ó. Rọ́bà tó bo bọ́ọ̀jọ́ìntì náà ti ya láti ẹ̀yìn, níbi tí ojú ò ti lè tètè tó o. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fà á jáde, ó fi hàn mí. Gíríìsì tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti di ẹrẹ̀ pupa, iyanrìn ń dán nínú ẹ̀. Ó fi ìka méjì rin ín, mo gbọ́ bó ṣe ń ha. Ó ní omi tí mò ń wọ́ mọ́tò gbà lọ́nà Ìtòìkín ni, pé bí rọ́bà yẹn bá ti ya báyìí, iṣẹ́ bùṣe, omi á wọlé, iyanrìn á tẹ̀ lé e, irin á dógùn-ún, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ara ẹ̀.

Ohun tó sọ tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní irú jíìpù yìí fara balẹ̀ kà. Bọ́ọ̀jọ́ìntì rí bí orí egungun itan tó wọ inú ihò ìbàdí: bọ́ọ̀lù irin kan ló ń yí nínú ihò. Nínú àwọn mọ́tò kan, ìwúwo mọ́tò ló ń tẹ̀ ẹ́ wọ inú ihò náà. Bó bá jẹ tán, á máa pariwo, á máa gbọ̀n, ṣùgbọ́n kì í tètè já jáde. Ti 4Runner yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Sípíríǹgì ń ti àámù ìsàlẹ̀, irin bí apá tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ abẹ́ mọ́tò, lọ sílẹ̀, bọ́ọ̀jọ́ìntì ló sì so àámù náà mọ́ irin tó gbé táyà, ẹnu ẹ̀ kọ sísàlẹ̀. Nítorí náà ìwúwo iwájú mọ́tò ń fà á jáde ni, tọ̀sán tòru, kò tì í wọlé. Ọjọ́ tí ihò náà bá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, á fò jáde lẹ́ẹ̀kan náà, táyà á dùbúlẹ̀ sábẹ́ mọ́gáàdì, mọ́tò á fi imú wọ́lẹ̀. Ó bi mí pé afárá wo ni mo gbà wá. Mi ò dá a lóhùn.

Ọmọ mi ọkùnrin tó ń kàwé ní Yunifásítì Èkó lọ wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Lọ́dún 2005, Toyota pe 4Runner 2001 àti 2002 padà ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn Tacoma, Tundra àti Sequoia kan, nítorí bọ́ọ̀jọ́ìntì ìsàlẹ̀ yìí kan náà. Wọ́n ní ojú bọ́ọ̀lù náà lè ti ha níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Tèmi ti 1999 ò sí lára wọn, àmọ́ bákan náà ni wọ́n ṣe so ó.

Mo yọ ìwé mẹkáníìkì àkọ́kọ́ jáde nínú pọ́ọ̀sì, mo nà án sí ọ̀gá. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tọrọ báírò lọ́wọ́ mi. Bó ṣe ń fọwọ́ kan nǹkan kọ̀ọ̀kan lábẹ́ mọ́tò ló ń fa ìlà lé e nínú ìwé. Bọ́ọ̀jọ́ìntì òkè méjèèjì, wọ́n ṣì le, ó fa ìlà lé wọn. Àámù òkè, ó fa ìlà lé e. Bẹ́árìn, ìlà. Táírọ́ọ̀dù ọ̀tún, ìlà. Ṣọ́ọ̀kì tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó ní wọ́n dára, kí n máa lò wọ́n lọ. Ohun tó kù nínú ìwé gbọọrọ yẹn ni bọ́ọ̀jọ́ìntì ìsàlẹ̀ méjèèjì, orí táírọ́ọ̀dù òsì, búṣìn (rọ́bà) àámù ìsàlẹ̀ àti búṣìn ràákì, tó ní ó máa ń tètè rọ̀ lára irú jíìpù yìí. Mẹkáníìkì tó ń dín owó oníbàárà kù lójú oníbàárà, ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi bí ẹ bá rí ọ̀kan rí.

Wọn kì í ta ẹrù níbẹ̀. Ìwọ lo máa lọ ra tìẹ, wọ́n á fún ẹ ní ọmọ iṣẹ́ kan tó mọ ojú ẹrù. Mo fẹ́ràn ìyẹn, torí mo mọ bí àwọn kan ṣe ń bu owó lé ẹrù kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló tẹ̀ lé mi lọ sí Ládípọ̀, ọjà ẹrù mọ́tò, ó ní ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀jọ́ìntì ìsàlẹ̀ kì í ṣe ohun tí òun ń rán ọmọdé sí.

Bẹ́ ẹ bá ti bọ́ sílẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù Toyota, àwọn ọmọkùnrin á ti bò yín: "Ìyá, kí lẹ̀ ń wá? Ẹ̀yìn mọ́tò? Iná? Ẹ́ńjìnnì?" Ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ máa lọ. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tá a yà sí, ẹni tó ń tajà gbé 555 jáde. 555 ni orúkọ tí iléeṣẹ́ Sankei ti Japan ń tẹ̀ sára ẹrù ẹsẹ̀ tí wọ́n ń ṣe, gbogbo mẹkáníìkì Èkó ló mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí àwọn ayédèrú náà fi ń tẹ̀ ẹ́ sára tiwọn. Páálí tí ọkùnrin yẹn gbé jáde ń dán yanran. Ọ̀gá ò tiẹ̀ wo páálí. Ó yọ bọ́ọ̀jọ́ìntì náà jáde, ó fi àtàǹpàkò ti orí ẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Ó yí gbẹ̀rẹ́gẹ̀dẹ̀ láìlo agbára. Ó dá a padà sínú páálí, ó ní, "Ẹ ṣeun." Nígbà tá a jáde ló sọ fún mi pé tuntun gbọ́dọ̀ le. Ó yẹ kí èèyàn tiraka kó tó yí, kó sì máa yí lọ́gbọọgba, kó má dúró níbì kan kó tún wá fò níbòmíràn.

Ṣọ́ọ̀bù kejì, wọ́n le dáadáa, 555 wà lára irin fúnra ẹ̀, kì í ṣe lára páálí nìkan, lẹ́tà ẹ̀ sì mú. Inú mi dùn, mo ti ń ka owó. Ọ̀gá to méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí káńtà. Apá òsì ni méjèèjì! Ti jíìpù yìí ní ọ̀tún, ó ní òsì, ihò bóòtù mẹ́rin tó wà lára wọn kọjú síra ni. Ọlọ́jà ní òun ò mọ̀, ó ní ọmọ òun ló kó o bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Ó rán ọmọ náà lọ sí ilé ẹrù, wọ́n gbé ọ̀tún dé, a yẹ ìyẹn náà wò. ₦140,000 ló kọ́kọ́ pe méjèèjì. Èmi náà ń tajà, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. ₦95,000 ni mo san, bóòtù tuntun mẹ́jọ wà nínú ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ì bá gba ₦30,000 fún méjèèjì o, kí n sòótọ́. Owó tí mo bá fẹ́ ṣọ́ jẹ, mo lè ṣọ́ ọ jẹ lára nǹkan míì. Kì í ṣe lára ohun tó so táyà mọ́ mọ́tò.

Ibi tó sì ti ní kí n ṣọ́wó jẹ wà lóòótọ́. Bóòtù tó di àámù ìsàlẹ̀ mú, èyí tí wọ́n fi ń ṣe aláìnmẹ́ńtì (títò táyà kó lè dúró tọ́), ó ní kí n ra tòkúnbọ̀ rẹ̀, torí irin lásán ni, bí ìlà tí nọ́ọ̀tù ń gùn lára ẹ̀ ò bá ti jẹ, tí kò sì tẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é. ₦18,000 ni mo ra gbogbo ẹ̀. Búṣìn àámù ní tiẹ̀, ó ní tuntun ni kí n rà, nítorí rọ́bà ni, rọ́bà tòkúnbọ̀ ti darúgbó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. A ra ìyẹn ₦32,000. Orí táírọ́ọ̀dù ₦14,000, búṣìn ràákì ₦9,000. Iye tí mo rà wọ́n nìyẹn o, ẹ mọ bí ọjà Èkó ṣe ń rí, ó lè ti gun igi bí ẹ bá fi máa débẹ̀.

Iṣẹ́ gan-an ò rọrùn. Bọ́ọ̀jọ́ìntì jáde wẹ́rẹ́, àmọ́ bóòtù àámù yẹn ti dì mọ́ irin inú búṣìn, kò yí, kò jáde. Wọ́n fi epo rin ín, wọ́n fi òòlù lù ú, ọmọ iṣẹ́ méjì so rọ́ lẹ́nu sípánà. Ní ìgbẹ̀yìn wọ́n gé e ni. Kí wọ́n tó gé e, ọ̀gá ní kí wọ́n gbé gálọ́ọ̀nù epo tó wà nítòsí jìnnà, kí wọ́n sì fi àpò tútù bo páìpù búrẹ́ẹ̀kì, kí iná tó ń ta má bàa sun ún. Ibẹ̀ ni ọjọ́ ti lọ. Wọ́n wá gbé àámù lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tẹ búṣìn wọlé, ₦10,000.

Nígbà tí wọ́n ń dè é padà ni mo rí ìyàtọ̀ wọn sí àwọn yòókù. Ọmọ iṣẹ́ kan mú pín àtijọ́ tí wọ́n yọ lára nọ́ọ̀tù, ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ tọ́ kó tún lò ó. Ọ̀gá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó jù ú sínú gọ́tà, ó yọ tuntun nínú ike kan. Bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó di bọ́ọ̀jọ́ìntì mú, ó fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ sí ẹnu wọn, ó wá gbé sípánà gígùn kan tó ní nọ́ńbà lára jáde, ó yí i sí 80, ó ń dè é títí tí sípánà náà fi ké "tẹ́ẹ̀". Gbogbo ibòmíràn tí mo ti ṣe mọ́tò, páìpù ni wọ́n ń ki bọ sípánà, tí wọ́n á sì máa fà á títí iṣan ọrùn wọn á fi yọ síta.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù: wọ́n ti de gbogbo nǹkan tán, táyà ti wọlé, ṣùgbọ́n bóòtù àámù méjèèjì ṣì ń mì, wọn ò dè é pa. Mo pariwo pé wọ́n ti gbàgbé o. Ọmọ iṣẹ́ kan sáré mú sípánà, ó fẹ́ dè é níbi tí mọ́tò wà lókè. Ọ̀gá jágbe mọ́ ọn. Ó ní kí wọ́n gbé mọ́tò sílẹ̀ ná. Wọ́n gbé e sílẹ̀, ó ní kí ọmọ méjì jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n dìde, kí wọ́n tún jókòó, kí sípíríǹgì lè padà sí bó ṣe máa ń wà lójú títì. Ìgbà yẹn ló wá ra wọ abẹ́ ẹ̀, ó dè é pa. Ó ṣàlàyé fún mi látabẹ́ ibẹ̀ pé rọ́bà búṣìn lẹ̀ mọ́ irin nínú àti níta, kì í yọ́ yí. Bí èèyàn bá dè é nígbà tí ẹsẹ̀ mọ́tò ń fì lókè, ìgbà tí mọ́tò bá fẹsẹ̀ lélẹ̀, rọ́bà náà á wà ní lílọ́ títí ayé, kò ní pẹ́ tó fi máa ya. Mo rántí iye ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ búṣìn mọ́tò bàbá àwọn ọmọ fún wa láyé àtijọ́, tí kì í pé ọdún tí wọ́n á fi ní ó tún ti lọ. Mi ò sọ fún wọn nígbà tí mo délé, kí inú má bàa bí wọn.

Ó wá ku èyí tí mi ò fẹ́ràn.

Wọn ò mọ àkókò. "Ọ̀sán ló máa jáde, Màmá," ọjọ́ kejì nírọ̀lẹ́ ló jáde. Mo mọ̀ pé bóòtù tó dì ló fà á, àmọ́ wọ́n mọ̀ láti àárọ̀ pé ó ti dì, ì bá dára kí wọ́n ti sọ fún mi kí n lè wá ẹni jókòó ti ọjà mi. Kò síbi téèyàn lè jókòó sí, àfi táyà àtijọ́ àti àga kan tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti kán. Ìborùn mi ni mo fi bo orí nígbà tí oòrùn mú. Wọn kì í fúnni ní rìsíìtì, ìwé tí mo mú wá fúnra mi ni ọ̀gá fi kọ iye tó gbà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ sì jókòó sí àga dírẹ́bà mi pẹ̀lú gíríìsì lára. Ọ̀gá ní kó bẹ̀ mí, ó dọ̀bálẹ̀, mo ní kó dìde. Gíríìsì yẹn ṣì wà níbẹ̀. Kí n má gbàgbé, wọ́n fi òórùn ẹja inú mọ́tò mi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, pé ebi ń pa àwọn. Mo gbé pańla díẹ̀ wá fún wọn lọ́jọ́ kejì, ariwo dákẹ́.

Wọn ò ní ẹ̀rọ aláìnmẹ́ńtì. Ibòmíràn lẹ máa lọ ṣe é, ₦15,000 ni mo san, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣe é, torí gbogbo bóòtù tó ń darí táyà ni wọ́n ti tú. Ọ̀gá bá mi lọ. Ó dára tó bá mi lọ, nítorí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ náà fẹ́ yí táírọ́ọ̀dù nìkan kó sì gbowó ẹ̀. Ọ̀gá ní rárá, pé búṣìn tuntun àti bóòtù míì ló wà lára àámù, ibẹ̀ ni kó ti kọ́kọ́ mú un kó tó kan táírọ́ọ̀dù. Wọ́n jọ fa ọ̀rọ̀ náà díẹ̀. Ó padà ṣe é. Bẹ́ ẹ bá dá lọ, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ.

Owó iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi jẹ́ ₦60,000, lápá méjèèjì, títí kan bóòtù tí wọ́n gé. Tẹ́ ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú ẹrù, ó lé díẹ̀ ní ₦250,000. Owó ni, mi ò ní sọ pé kì í ṣe owó. Ìwé gbọọrọ mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ju ìlọ́po méjì ẹ̀ lọ, òun ò sì tíì fọwọ́ mi táyà náà wò lẹ́ẹ̀kan.

Mọ́tò náà wá dákẹ́. Mo ti fi ẹrù kún un wá láti Ẹ̀pẹ́, mo ti já a sí gálọ́ọ̀pù tó pọ̀, mo ti tẹ búrẹ́ẹ̀kì lójijì fún ọlọ́kadà ní Míìlì 12, ó dúró lójú kan, kò yà síbì kankan. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo tún gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan lápá ọ̀tún, àyà mi já. Mo gbé e padà. Nọ́ọ̀tù líńkéèjì ló rọ̀, èyí tí mẹkáníìkì àkọ́kọ́ dè. Wọ́n dè é fún mi, wọn ò gba kọ́bọ̀, wọ́n tún yẹ bóòtù bọ́ọ̀jọ́ìntì mẹ́jọ̀ọ̀jọ wò kí wọ́n tó ní kí n máa lọ.

Iṣẹ́ wọn ò kárí gbogbo mọ́tò. Níṣojú mi ni ẹnì kan gbé Range Rover tí atẹ́gùn ń gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ wá, tó ti fi àyà lé ilẹ̀. Ọ̀gá wò ó láti ọ̀ọ́kán, ó ní, "Alàgbà, mi ò mọ èyí, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n." Kò tiẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Toyota tó ga ni tiẹ̀: 4Runner, Hilux, Prado.

Bẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ tètè dé kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì wá ẹni tó máa bá yín dúró ti ọjà yín fún ọjọ́ méjì. Ẹ má lọ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó jẹ́ ọjọ́ ìmọ́tótó ọjà, nítorí tí wọ́n bá ní kí ẹ lọ ra ẹrù ní Ládípọ̀, ẹ máa dúró kí wọ́n tó ṣí. Ẹ gbé àga yín dání. Ẹ sọ pé ẹ fẹ́ kó ẹrù àtijọ́ yín lọ, wọ́n á kó o fún yín láìjiyàn. Owó iṣẹ́, ìdajì ni kí ẹ kọ́kọ́ san. Wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè gbogbo ẹ̀, àmọ́ bẹ́ ẹ bá ní ìdajì lẹ ní, wọ́n á gbà á.